Ẹ fẹ́ lọ wo Tokyo Auto Salon láti Ekiti? Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀ rèé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ekiti tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́tò. Látìgbà témi àti ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pẹ́ńtà mọ́tò ti dé láti Japan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni fóònù mi ò ti sinmi, àwọn pẹ́ńtà ń pè, àwọn pánẹ́bítà ń pè, àwọn ọmọ tó ń mú kí ara Corolla àti Camry sún mọ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi ríìmù ńlá sí i náà ń pè, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè, báwo lẹ ṣe débẹ̀ láti Ado? Mo ti dáhùn títí, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Tokyo Auto Salon ni ibi tí wọ́n ń pàtẹ mọ́tò tí wọ́n ti fọwọ́ tún ṣe, ọdún 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn mọ́tò kan tó ń jẹ́ Option ló gbé e kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ojú ọmọ ìta ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá ń tún mọ́tò ẹ̀ ṣe. Lónìí Toyota, Nissan, Honda, Subaru, gbogbo wọn ló ń wá pàtẹ síbẹ̀. Ọdún tá a lọ, mọ́tò tó wà ńbẹ̀ ju 800 lọ, èèyàn tó wọlé láàárín ọjọ́ 3 sì ju 250,000 lọ. Àwọn kan á ní àpéjọ mọ́tò SEMA ti Las Vegas ní Amẹ́ríkà ńkọ́, ìyẹn dára, àmọ́ àwọn tó ń ṣòwò mọ́tò ni wọ́n dìídì ń ṣe é fún, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló kàn máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, físà Amẹ́ríkà náà sì ti le fún wa báyìí. Ti Japan, ẹnikẹ́ni ló lè ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ àpéjọ lẹ máa kọ́kọ́ mú, ẹ wá máa kà á bọ̀ sẹ́yìn

Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé ìgbà tówó bá ti wọlé làwọn èèyàn ti ń sáré lọ gba físà, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wádìí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe nǹkan tí wọ́n fẹ́ lọ wò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù January ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún, Fúráìdè sí Sọ́ńdè, ti 2024 bọ́ sí ọjọ́ 12 sí 14, ti 2025 ọjọ́ 10 sí 12, ti 2026 ọjọ́ 9 sí 11. Ẹ kọ ọjọ́ 3 ti ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sórí kàlẹ́ńdà, ẹ fi bírò pupa yí i po, gbogbo nǹkan yòókù, físà o, tíkẹ́ẹ̀tì o, ibi tẹ́ ẹ máa sùn o, ọjọ́ yẹn ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa ṣe é.

Ẹ fi nǹkan méjì sọ́kàn nípa January wọn. Ọdún tuntun lọ́dọ̀ wọn dà bíi Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa, láti nǹkan bí ọjọ́ 29 December sí ọjọ́ 3 January, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ilé ìkóhun-àtijọ́-sí ló máa ń tì, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ẹ máa rìn títí, ilẹ̀kùn lẹ máa bá ní títì. Ìkejì, Mọ́ńdè kejì nínú January jẹ́ hólídè, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣayẹyẹ fáwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà, tó bá ti lẹ̀ mọ́ òpin ọ̀sẹ̀ àpéjọ bó ṣe rí ní 2025 àti 2026, hòtẹ́ẹ̀lì á gbówó lórí. Lójú tèmi, kẹ́ ẹ lo ọjọ́ 10 lápapọ̀ níbẹ̀ ló dáa jù. Ẹ dé ní Túsìdeè tàbí Wẹ́síìdeè ṣáájú kí ara lè balẹ̀, torí aago tiwọn fi wákàtí 8 ṣáájú tiwa, nígbà tílẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ wọn, òru ni lára yín. Ẹni tó bá balẹ̀ ní Tọ́sìdeè tó sì lọ síbi àpéjọ ní Fúráìdè máa kàn máa tòògbé láàárín mọ́tò ni.

Físà

Abuja ni ẹ́ḿbásì Japan wà, ẹ fowó mọ́tò lọ, mọ́tò bọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn síbẹ̀ sínú ìṣirò yín látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Físà ìbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kan tí wọ́n máa fún yín, oṣù 3 ló fi ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, láàárín oṣù 3 yẹn lẹ gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ Japan. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Ikere tó fẹ́ bá wa lọ, ọmọlúàbí èèyàn tó mọ iṣẹ́ pánẹ́ dáadáa, ó yára, ó gba tiẹ̀ ní September. Kí December tó parí físà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sáyè àtibẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó dùn wá gan-an, mo ṣì ń rántí bó ṣe ń ṣí pásípọ́ọ̀tù náà wò lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi tó ń pa á dé tó tún ń ṣí i. Torí náà, ìbẹ̀rẹ̀ November ni kẹ́ ẹ gbé ìwé lọ fún àpéjọ January. Tí wọ́n bá fún yín láàárín oṣù náà, ó máa gbé yín dé February. Ẹ má sì dúró di December, torí ọlidé ọdún náà ń bọ̀ fún ẹ́ḿbásì.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè ò pọ̀ jù, àmọ́ wọ́n fẹ́ kó bá ara wọn mu. Fọ́ọ̀mù, fọ́tò, ètò ọkọ̀ òfurufú, hòtẹ́ẹ̀lì, statement báǹkì, ẹ̀rí iṣẹ́, àti ìwé kan tí wọ́n ń pè ní schedule of stay, tẹ́ ẹ ti máa kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́jọ́ náà, ibi tẹ́ ẹ máa sùn àti nọ́ńbà fóònù ibẹ̀. Ìwé yìí làwọn èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, òun sì ni mo gbà pé ó ràn wá lọ́wọ́ jù, torí a kọ orúkọ àpéjọ náà síbẹ̀, ọjọ́ ẹ̀, gbọ̀ngàn ẹ̀, a wá fi ẹ̀rí tíkẹ́ẹ̀tì tì í. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ò ní lẹ́tà ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹ lọ forúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀ ní CAC, ẹ máa san owó orí, ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀, ẹ jẹ́ kí owó iṣẹ́ máa gba inú báǹkì kọjá fún bí oṣù 6. Ẹ̀gbọ́n mi tún tẹ fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ mọ́ ọn, òun àtàwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀. Owó ńlá kan tó ṣàdédé já wọ àkáǹtì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú

Kò sọ́kọ̀ tó ń lọ tààrà láti Nàìjíríà sí Tokyo. Ẹ lè gba Addis Ababa pẹ̀lú Ethiopian, Doha pẹ̀lú Qatar, Dubai pẹ̀lú Emirates, tàbí Istanbul pẹ̀lú Turkish. Wàhálà tiwa ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì nínú January gan-an làwọn ará òkè-òkun tó wá ṣọdún ń padà, àga á wọ́n, owó á lọ sókè. Ohun tá a ṣe ni pé a gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní October lọ́dọ̀ agent tó gbà pé òun á dá owó padà tí físà ò bá jáde, ó ná wa lówó díẹ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọkàn wa balẹ̀. Ẹ má ra èyí tí kò ṣeé dá padà kí físà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́.

Láti Ekiti, ẹ lè wọ ọkọ̀ òfurufú láti Akure lọ sí Lagos, tàbí kẹ́ ẹ wọ mọ́tò, àmọ́ ẹ dé Lagos ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ mú káàdì yẹ́lò dání, wọ́n máa ń béèrè ẹ̀ ní éépọ́ọ̀tù Lagos.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn

Orúkọ àpéjọ ni Tokyo, àmọ́ inú Tokyo kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Makuhari Messe ni, ní ìpínlẹ̀ Chiba, látọdún 1999. Stéṣọ̀n réluwé tó sún mọ́ ọn ni Kaihin-Makuhari, lórí ìlà Keiyo, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti Tokyo Station, bí ìṣẹ́jú 40 ni réluwé. Ẹ wá ṣọ́ra o, ibi tí ìlà Keiyo ti ń gbéra nínú Tokyo Station jìnnà sí àwọn ìlà yòókù, ìrìn bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 nísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹ fi kún àkókò yín.

Àwa kọ́kọ́ gba Shinjuku, àdúgbò kan nínú Tokyo, torí òun là ń gbọ́ orúkọ ẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a lò ju wákàtí kan lọ lọ́nà, nínú réluwé tí wọ́n ti fún bí ẹ̀wà nínú ìkòkò. Tí mo bá tún lọ, ẹ̀bá ìlà Keiyo ni mo máa sùn fún ọjọ́ 3 àpéjọ, tàbí Chiba fúnra ẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá wá kó lọ sí ìlú Yokohama. Hòtẹ́ẹ̀lì tó wà ní Makuhari gan-an yára kún, ẹ gbà á sílẹ̀ bí ẹ bá ti mọ ọjọ́, ẹ mú èyí tó gbà kẹ́ ẹ wọ́gi lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Láti éépọ́ọ̀tù Narita, bọ́ọ̀sì wà tó ń lọ tààrà sí Makuhari, ẹ ò ní láti wọ Tokyo rárá.

Ọjọ́ àpéjọ fúnra ẹ̀

Tíkẹ́ẹ̀tì, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á ṣáájú. Ti Fúráìdè wọ́n ju ti Sátidé àti Sọ́ńdè lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ ra ti Fúráìdè, torí èrò ò tíì pọ̀, àwọn tó kọ́ mọ́tò náà sì wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n ráyè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ wá fi gbafẹ́, kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń fi mọ́tò yọ̀ bọ́rọ́ níta, táyà á máa rú èéfín bíi pé wọ́n ń sun igbó.

Gbọ̀ngàn 11 ló wà ńbẹ̀. 1 sí 8 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 9 sí 11 wà lódìkejì títì, ẹ máa gba orí afárá kọjá. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1 bíi ti gbogbo èèyàn, ẹ lọ sí èyí tó jìnnà lówùúrọ̀, kẹ́ ẹ wá máa bọ̀. Bàtà tó ti bá ẹsẹ̀ yín mu ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan mọ́tò. Kódà ẹ má fi báàgì ra á lára. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sún mọ́ ọn, ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ ní "sumimasen", bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ wá nawọ́ sí kámẹ́rà. Ọmọ Ekiti tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ò ní ìṣòro níbẹ̀.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín. Toyota Crown àtijọ́ kan wà ní igun kan, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì ńlá, àwọ̀ ẹ̀ pupa bí epo tuntun nínú ìgò tí wọ́n gbé sínú oòrùn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, kò sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dorí kodò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fojú tọ ara ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń wá ibi tí fílà, ìyẹn ohun tí pánẹ́bítà fi ń dí ibi tó bá tẹ̀ lára mọ́tò, ti wú. Bàbá àgbà kan tó dé fìlà jáde wá, mo rò pé ó fẹ́ lé wa ni. Ó yọ fóònù, ó tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fi iná náà tọ ara mọ́tò náà fún un kó lè rí i pé ó tẹ́jú. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Ó wá ṣí fọ́tò lórí fóònù ẹ̀, irin lásán, lẹ́yìn náà fílà, lẹ́yìn náà ọ̀dà fàdákà, lẹ́yìn náà pupa tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, wọ́n dà á lé e ní ìpele ìpele, ó ń fi ìka ka á. Ẹ̀gbọ́n mi náà yọ tiẹ̀, ó fi Camry kan tó kùn lọ́nà Ikere hàn án. Bàbá yẹn fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó wò ó pẹ́, ó mi orí. Bí ìṣẹ́jú 40 la lò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kó fọ́tò iṣẹ́ yín sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ parí, ó níye lórí ju èdè Japan tẹ́ ẹ lè kọ́ lọ.

Ẹ tún wá ibi táwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ NATS pàtẹ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́tò ni wọ́n, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fọwọ́ kọ́ mọ́tò tí wọ́n gbé wá, wọ́n á gé e, wọ́n á jó o, wọ́n á kùn ún. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọṣẹ́, ẹ ya fídíò ẹ̀ bọ̀ wá fún wọn.

Àwọn ọjọ́ yòókù

Yokohama ni mo máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ lọ. Nissan ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní olú ilé iṣẹ́ wọn níbẹ̀ tí kò gba kọ́bọ̀, Mooneyes, àwọn tó ń ta nǹkan tí wọ́n fi ń tún mọ́tò ṣe, sì ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Honmoku níbẹ̀. Daikoku tẹ́ ẹ máa ń rí lórí fídíò, ibi ìsinmi lórí ọ̀nà márosẹ̀ táwọn olólùfẹ́ mọ́tò máa ń kó mọ́tò wọn wá ni, kò sí réluwé tó débẹ̀, ẹ ò sì lè fẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀, mọ́tò nìkan ló ń débẹ̀, ọlọ́pàá sì máa ń tì í nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹni tó bá ní òun á fi mọ́tò gbé yín lọ gba owó, ẹ wo nọ́ńbà ara mọ́tò ẹ̀. Mọ́tò tó bá gba àṣẹ àtikó èrò, nọ́ńbà ẹ̀ aláwọ̀ ewé ni. Funfun túmọ̀ sí pé kò láṣẹ, ẹ má wọ̀ ọ́.

Tí ìyàwó tàbí ọkọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ka mọ́tò sí bá wà pẹ̀lú yín, ẹ mú wọn lọ sí Hakone, bíi wákàtí kan àbọ̀ ni láti Shinjuku. Omi gbígbóná tó ń sun látinú ilẹ̀ bíi ti Ikogosi wa wà ńbẹ̀, wọ́n máa ń wọnú ẹ̀ wẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀ obìnrin lọ́tọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa níta kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kò sí aṣọ lára o. Ọ̀nà orí òkè ibẹ̀ náà sì jẹ́ ibi táwọn olólùfẹ́ mọ́tò fẹ́ràn láti máa wa mọ́tò, ó jọ gígun òkè Efon.

January yẹn náà ni wọ́n máa ń jẹ mochi. Ìrẹsì ni wọ́n sè tí wọ́n gún nínú odó pẹ̀lú ọmọ odó títí ó fi fà bí iyán. Ó dùn mọ́ni láti rí i, àmọ́ ó le ju iyán lọ lọ́fun, ẹ gé e kékeré, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e mì.

Owó, ẹrù, àtàwọn nǹkan kéékèèké

Ẹ mú dọ́là dání kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ sí yen ní éépọ́ọ̀tù, kẹ́ ẹ sì ní káàdì dómù kan. ATM inú àwọn ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven ń gba káàdì òkèèrè. Abọ́ nudù kan, bíi 1,000 yen, a sì lo nǹkan bí 6,000 yen lójúmọ́ fún oúnjẹ àti réluwé láìfi hòtẹ́ẹ̀lì kún un. Wọn kì í gba owó ẹ̀bùn, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Réluwé ń parí ní nǹkan bí agogo 12 òru, tó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, owó takisí pọ̀. Ẹ gba káàdì Suica tí wọ́n fi ń sanwó réluwé, ẹ kọ orúkọ yín sí ìkànnì Visit Japan Web kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ó ń mú kí éépọ́ọ̀tù yá.

Ẹ má gbé ẹran lọ, ẹran gbígbẹ o, kílíṣí o, wọn ò gbà á rárá. Oògùn ikọ́ tó ní codeine àti oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine, ẹ fi sílé, òfin wọn le lórí ẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ Ekiti, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín lówùúrọ̀, ẹ wọ aṣọ inú méjì. Ṣájà fóònù yín á ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ra orí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì.

Spáà pátì ńkọ́? Àwọn ṣọ́ọ̀bù Up Garage ń ta tòkunbọ̀ tó mọ́, ojú á wọ̀ yín. Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà, ọwọ́ ọ̀tún sì ni síárìn wọn wà, àwa ti kúrò níbẹ̀ láti 1972. Dáṣíbọ́ọ̀dù wọn ò lè wọ tiyín. Iná iwájú wọn lè wọlé, àmọ́ òsì ni wọ́n ṣe é kó máa tàn sí, tẹ́ ẹ bá gbé e sí mọ́tò níbí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa lọ bá, ẹ má rà á. Síárìn tó bá ní airbag, ẹ fi sílẹ̀, wọn ò ní gbà á wọ ọkọ̀ òfurufú. Nǹkan tó fúyẹ́ tó sì wúlò ni kẹ́ ẹ wò: orí jíà, nọ́ọ̀tì ríìmù, àti tépù tín-ínrín tí wọ́n fi bébà washi ṣe, tí pẹ́ńtà fi ń bo ibi tí ọ̀dà ò gbọ́dọ̀ dé. Róòlù 20 ni ẹ̀gbọ́n mi rà.

Tẹ́ ẹ bá padà balẹ̀ sí Lagos nírọ̀lẹ́, ẹ sùn síbẹ̀, ẹ má wọ mọ́tò Ado lóru. A sùn, a délé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, báàgì ò tíì wọlé tán tí ẹ̀gbọ́n mi ti já tépù kan nínú ẹ̀, ó fi tẹ ìlà kan sára ilẹ̀kùn Corolla tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó pe àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n wá wo bí etí ẹ̀ ṣe gún.